Kóló Inú Ògiri

Bí o bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá ìyàwó mi jẹ́, lọ bá a nídìí ìsọ̀ obì rẹ̀ ní Ṣàgámù, ra gbànja díẹ̀, kí o sì na owó sí i. Kò ní wo ojú rẹ. Owó ọwọ́ rẹ ni yóò wò. Bí ó bá jẹ́ bébà, yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò fi àtàǹpàkò ha etí rẹ̀, yóò sì gbé e sí imú. Bí ó bá jẹ́ onírin, yóò sọ ọ́ lu òkúta kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀, yóò dẹ etí. "Owó tí kò bá dún kì í ṣe owó," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò kà á lójú rẹ, tí yóò tún un kà. Kì í ṣe pé o jọ olè lójú rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣe fún gbogbo ayé nìyẹn.

Mo ti rí i tí ó ń ka owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ pátápátá, kó lé e lọ́wọ́. Mo ti rí i tí ó ń ka owó tí lèmọ́mù fi ra obì ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí lèmọ́mù náà dúró tì í bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́, tí ń dúró gba ṣéńjì. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni kì í ka owó rẹ̀, ìyẹn Bàbá Owólabí, ọkọ rẹ̀. Ohunkóhun tí bàbá bá fún un, ṣe ni yóò dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yóò parí síbẹ̀. Bàbá Owólabí kú, kò sì sí ẹni tó jogún àyè yẹn.

Ìdíátù lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Morónkẹ́ ni gbogbo ọjà ń pè é. Èmi ni mo fẹ́ Morónkẹ́. Akínbọ́lá Ṣóbọ̀wálé ni orúkọ mi, ọmọ tíṣà ni mí, láti Ìkẹ́nnẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fi ara hàn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń wá kòkòrò lára obì. Ó ní bàbá mi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ó dára, ṣé ìwé náà ni èmi yóò máa fi bọ́ ọmọ òun? Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọdún 1984 tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ náírà, ọ̀ràn náà wá burú sí i. Owó tí Ìyá Morónkẹ́ ti gbé sí oòrùn, tó ti gbóòórùn rẹ̀, tó ti tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, di bébà lásán kí oṣù tó pé. Ó tò sẹ́nu báńkì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Wọ́n pààrọ̀ díẹ̀ fún un, ìyókù sì wà nínú àpótí náà títí di òní, kò gbà kí ẹnikẹ́ni sun ún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti ń fura sí owó fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó mú un wá nìkan.

Ìparí ọdún yẹn gan-an ni Morónkẹ́ bímọ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó níbẹ̀, mo sì ń fọ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ kan kí ebi má baà pa wá. Yàrá méjì la háyà lókè ilé kan ní Pẹ́kàmù. Wọ́n ránṣẹ́ láti Ṣàgámù pé Ìyá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ nìkan ló ń bọ̀ wá wò.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn òyìnbó ń yà fún wa. Kò tètè ní kí n dìde. Bàtà mi ló ń wò.

"Ọkọ Morónkẹ́, bàtà yìí ti gbó."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ewu iná kì í pa àwòdì. Dìde. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, kí ó má di pé mo ṣe nǹkan lábẹ́lẹ̀ fún ọ. Mo wá wẹ ọmọ, mo sì wá wo ọmọ mi. Bí n bá rí i pé ìyà ń jẹ ẹ́ níbí, èmi, òun, àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ la ó jọ wọ ọkọ̀ padà sí Ṣàgámù. N kò ní bá ọ jà. N kò ní pariwo. A ó kàn lọ ni."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìhàlẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tán ni, bó bá sì ti sọ ọ́ tán báyìí, ó ti parí. Mo gbé ẹrù rẹ̀, mo sì ń ronú bí yàrá méjì ṣe lè jọ ilé ńlá lójú rẹ̀. Ìyàwó mi àti ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni mo lè pàdánù, n kò sì ní ẹlòmíràn nílùú yẹn.

Ní ọjọ́ kejì mo da owó díẹ̀ sórí tábìlì kí n lè kọ́ ọ ní owó wọn, kí ó lè máa ra nǹkan fúnra rẹ̀. Ó jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n kó obì ìlú míràn wá bá. Ó mú onírin kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan.

"Kí lèyí?"

"Pọ́n-ùn kan ni, Màmá."

"Pọ́n-ùn tí mo mọ̀, bébà ni. Mo ti ná pọ́n-ùn kí wọ́n tó bí ọ."

"Ti bébà ṣì wà, Ìyá. Àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ti onírin jáde. Bó bá yá, wọ́n á kó ti bébà nílẹ̀."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ó gbé owó náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Áà. Àwọn náà ń pààrọ̀ owó." Ó yíjú sí Morónkẹ́. "Wọ́n ṣe é nílé, mo rí i. Mo tún wá bá a níhìn-ín."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó náà. Bí a ṣe ń ṣa obì ló ṣe ṣa á: àwọn tó tóbi jù sókè, àwọn tó kéré sísàlẹ̀, nítorí lọ́jà obì, ẹyọ ńlá ló ń gba owó ńlá. Pẹ́ńsì méjì, tó pupa tó sì fẹ̀, di àgbà. Pẹ́ńsì mẹ́wàá jókòó lé e lórí. Pọ́n-ùn, tó yẹ kó jẹ́ ọba, bọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Mo tún un tò fún un. Ó tún un tò padà.

"Ọmọ tó kéré ju bàbá rẹ̀ lọ ni mo mọ̀," ó ní. "N kò tíì rí bàbá tó kéré ju ọmọ lọ."

Ọ̀kan ṣoṣo ló tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú gbogbo wọn, àádọ́ta pẹ́ńsì, oní igun méje nì. Ó sọ ọ́ lu ojú fèrèsé, ó dún kọ̀ọ̀. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wúwo. Ó ní èyí kò lè yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ṣe é ní làákàyè. Mo fún un ní mẹ́rin nínú rẹ̀. Ó kà wọ́n lójú mi, ó tún wọn kà, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n.

Ọkùnrin ará Íńdíà kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tó ń ta ìrẹsì àti ata. Ìyá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú Morónkẹ́, ó na bébà pọ́n-ùn márùn-ún, ọkùnrin náà sì fún un ní ṣéńjì onírin aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta. Ìyá kò gbà á. Ó fi ìka tọ́ka sí bébà tí òun mú wá, ó tọ́ka sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ bébà fún bébà. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, Morónkẹ́ ń fà á láṣọ, ìyá kò mira. Ọkùnrin náà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó wá bébà pọ́n-ùn mẹ́ta jáde, gbogbo wọn ti rún. Ìyá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iná kí ó tó kì wọ́n sápò. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Ẹ rí i? Ó ní in lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi onírin ọmọdé rẹ́ mi jẹ ni."

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kóló. Gbogbo wa la mọ kóló nílé: àpótí tí wọ́n kàn ní ìṣó yíká, tí wọ́n dá ihò tín-ín-rín sí lórí, tí èèyàn ń sọ owó sí, tí kò ní ṣí i àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ ṣe nǹkan ńlá. Ẹni tó bá ní kóló tí kò sì sọ fún aya rẹ̀, ohun tó fẹ́ ṣe kò ní jẹ́ ire fún aya náà. Èyí ni ìgbàgbọ́ Ìyá Morónkẹ́, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni.

Ilé tí a háyà ní Lọ́ńdọ̀nù, mítà iná rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Owó là ń fi bọ́ ọ. O ó ki àádọ́ta pẹ́ńsì bọ ẹnu rẹ̀, o ó yí ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ bìrí, owó á jábọ́ sínú, iná á sì máa jó títí owó náà yóò fi tán. Bí kò bá sí owó, kò sí iná, kò sì sí hítà tó ń mú ilé gbóná. Nítorí náà ni mo ṣe ń ṣa oní igun méje pamọ́ sínú agolo mílíìkì kan lórí pẹpẹ. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá ki ọ̀kan bọ̀ ọ́. Bí mo bá dé, màá tún ki òmíràn. N kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èèyàn kì í ti í ròyìn pé òun bu omi mu.

Ìyá sì ń wò mí. Láti orí ìjókòó rẹ̀, tí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń rí ọkọ ọmọ rẹ̀ tí ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ń bẹ̀rẹ̀, tí ń ki owó tó dára jù nílùú náà sínú irin kan tí wọ́n fi àgádágodo tì mọ́ ògiri. Ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń jábọ́. Lọ́jọ́ kan náà, ó gbọ́ tí Morónkẹ́ ní kí n fún òun lówó mílíìkì, tí mo ní kí ó ní sùúrù di ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ó kù nínú ohun tó ń wá?

Kò bi mí. Bí ó bá bi mí, ìtàn yìí kì bá tí wáyé. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, òun sì ti ń ṣọ́ orí ọmọ rẹ̀ tipẹ́. Morónkẹ́ ló bi, ó sì gba ẹ̀yìn.

"Ṣé ọkọ rẹ ń tọ́jú owó pamọ́?"

"Owó wo, Màmá? Ṣé ti oúnjẹ lẹ ń wí tàbí ti ilé?"

"Kò sọ fún ọ pé òun ń dá nǹkan kan jọ?"

"Kò sí nǹkan tí a lè dá jọ, Màmá."

Bí ó ṣe dá a lójú pé ọmọ òun kò mọ̀ nìyẹn. Ohun kejì tún wà. Agogo mẹ́ta ni iṣẹ́ mi ń parí, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń gbé mi délé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ máa ń ṣú kí n tó wọlé. Mo sọ fún Morónkẹ́ pé ilé ìkàwé ni mo ń yà sí. Morónkẹ́ gbà. Ìyá kò gbà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti kọ́ ilé kan sí òdìkejì Lọ́ńdọ̀nù, ó ti fi obìnrin kan sínú rẹ̀, ó sì ti mọ ohun tí kóló inú ògiri wà fún.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú oní igun méje kúrò nínú agolo mi, ẹyọ kan lónìí, ẹyọ kan lọ́la, ó ń dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe olè. Owó ọmọ òun ni òun ń gbà sílẹ̀ kó tó wọ inú ògiri. Mo ń rí i pé agolo ń fúyẹ́, mo rò pé Morónkẹ́ ń mú un ra nǹkan ọmọ, ojú sì ń tì mí láti bi í. Ṣé ẹ rí ilé tí olúkúlùkù ti ń fura, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀? Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le ju òtútù ìta lọ.

A sọ ọmọ lórúkọ, Ọmọ́túndé, lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ nítorí owó ìnáwó kò tètè pé. Ìyá pa obì tí ó gbé wá láti Ṣàgámù, ó ṣe àdúrà dáadáa, ó sì wò mí nígbà tó dé ibi "kí baálé má ṣe tan ìyàwó jẹ". Gbogbo wa ṣe àmín. Ti èmi ló dún jù, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn. Morónkẹ́ lọ fi ara han dókítà, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, yìnyín sì dá bọ́ọ̀sì dúró, kò tètè dé. Nígbà tí mo wọlé, òkùnkùn biribiri ni mo bá. Ilé tutù bí òde. Ìyá jókòó síbi tó ń jókòó sí, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó fi gbogbo ìró rẹ̀ àti ìborùn rẹ̀ dì í, ó sì farabalẹ̀.

"Wọ́n ti mú iná lọ," ó ní. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Wọn ó mú un dé."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ló ń ṣe. Ní Ṣàgámù, iná máa ń lọ nígbà tó bá wù ú, yóò sì padà nígbà tó bá wù ú, ẹni tó bá gbọ́n yóò jókòó jẹ́ẹ́. Mo fọwọ́ kan ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, ó ń sunkún bí ẹni tí ohùn ń tán lọ. Mo fò lọ bá agolo. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo yẹ àpò mi wò, pẹ́ńsì pupa méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ rí owó inú agolo yìí? Oní igun méje."

Ó fa ìborùn bo orí ọmọ.

"Màmá, òtútù yóò pa ọmọ yìí."

"Ṣí kóló rẹ," ó ní.

"Kóló wo?"

"Akínbọ́lá, n kò fọ́jú. Èyí tó wà nínú ògiri. Èyí tí ò ń fi owó wàrà ọmọ rẹ bọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣí i lónìí kí o fi ra ohun tí yóò mú ara ọmọ rẹ gbóná, kí obìnrin tí ò ń tọ́jú rẹ̀ fún dúró díẹ̀."

Mo dúró sínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún.

"Màmá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú un, ẹ fún mi ní ẹyọ kan. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín kì í bọ̀ ọ́."

Ó tú etí ìró rẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ìka rẹ̀ wá ihò, ó ki owó bọ̀ ọ́, mo ní kí ó yí i. Ó yí i. Owó jábọ́, iná sì tàn sí wa lójú, hítà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n yòò nínú yàrá.

Ó wo mítà náà, ó wo gílóòbù.

"Ta ní ń kó owó inú rẹ̀?"

"Àwọn oníná ni, Màmá. Àwọn ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Ẹyọ kan yìí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Bí hítà bá ń jó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í pẹ́."

Èmi kò fi ọ̀rọ̀ náà bú u. Ṣùgbọ́n òun ló ń jókòó ti hítà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì yé e. Mo jókòó, mo bọ́ bàtà mi nítorí yìnyín ti wọ inú rẹ̀. Páálí tí mo gé tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rin, ó ya mọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi. Ojú Ìyá wà lára páálí náà.

"Níbo lo ń gbà kí o tó délé?"

"Ilé ìkàwé..."

"Bàbá Túndé." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. "Níbo lo ń gbà?"

Mo sọ fún un. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wálé. Owó bọ́ọ̀sì ni mo ń ṣẹ́ sínú agolo látìgbà tí òun ti dé, nítorí mo rí i pé òtútù ń mú un, n kò sì fẹ́ kí Morónkẹ́ mọ̀, yóò ní kí á pa hítà. Ẹsẹ̀ Morónkẹ́ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn nígbà yẹn, n kò sì mọ̀ pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Kò tọrọ àforíjì. Ẹ má retí rẹ̀, ìyá ìyàwó ni. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó fọwọ́ kan mítà lẹ́yìn òun. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò sọ oní igun méje lu etí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò dẹ etí, kí ó tó kì í bọ̀ ọ́. Bí Morónkẹ́ bá gbé ọmọ jáde, yóò pa hítà, yóò sì yí bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Ó ní àwọn òyìnbó yìí gbọ́n, wọ́n rí ẹni bá wọn bọ́ kóló, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ìfura rẹ̀ kò tán, ó kàn ti rí ibi tó yẹ ẹ́ ni.

Ọjọ́ tí ó ń padà sílé, òun nìkan ló padà. Ní pápákọ̀, mo kó pọ́n-ùn díẹ̀ fún un pé kó bá mi fún ìyá mi ní Ìkẹ́nnẹ́. Bébà wà nínú rẹ̀, onírin aláwọ̀ ìyeyè náà sì wà nínú rẹ̀. Mo dúró kí ó gbé e sí iná. Mo tilẹ̀ sún fún un kí ó rí ibi sọ onírin lù.

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé lé e. Ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó so ó le.

"Ẹ kà á, Màmá," mo ní.

"Kí n kà á fún kí ni?" Ó súre fún ọmọ, ó yíjú, ó sì ń lọ síbi tí wọ́n ń wọlé sí, kò wẹ̀yìn.

Morónkẹ́ di apá mi mú. Omi wà lójú rẹ̀.

"Kò kà á," ó ní.